Kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi tí kì í kúrò lójú kan: Kí ni wọ́n rí nínú ẹ̀ tí wọ́n fi ń du ú rà?

Bí ẹnì kan bá sọ fún bàbá àgbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ Raleigh lọ sóko láyé ọjọ́sí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èèyàn á fi owó tó ju ti ọ̀kadà tuntun lọ ra kẹ̀kẹ́ tí kò ní gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ara ẹ̀, bàbá náà á ní orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti dàrú ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn wa. Kẹ̀kẹ́ náà kò mọ títì, inú yàrá ló ń gbé. Ẹni tó bá gùn ún á wa pẹ́dàlì títí tí òógùn á fi bò ó, ibi tó ti gùn ún náà ni yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí.

Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà àti nílùú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, àwọn èèyàn sanwó kẹ̀kẹ́ yìí, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ dúró dè é nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà lọ́dún 2020. Àwọn kan kò lè ṣe kí wọ́n má gùn ún lójúmọ́ báyìí. Àwọn mìíràn, aṣọ ni wọ́n ń sá lé e lórí. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa: ṣé kẹ̀kẹ́ yìí tó owó tí wọ́n ń tà á, àbí ọgbọ́n àtigba owó lọ́wọ́ olówó lásán ni?

KÌ Í ṢE ÒNÍ LÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé nǹkan tuntun ni kẹ̀kẹ́ ojú kan. Ọkọ̀ ojú omi Titanic tó rì lọ́dún 1912, ó wà nínú yàrá ìdárayá ẹ̀. Nígbà tó sì di ìparí àwọn ọdún 1980, ọmọ South Africa kan tó ń gbé ní California, Johnny Goldberg lorúkọ ẹ̀, gbé ọ̀nà kan jáde tó pè ní Spinning. Èèyàn bíi ogún, ọgbọ̀n, á jókòó sórí kẹ̀kẹ́ nínú yàrá kan, orin á máa dún gbòò, olùkọ́ á máa pariwo lé wọn lórí pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. Ijó tí wọ́n ń jó lórí ìjókòó ni ká kúkú pè é, ó sì gbilẹ̀ gan-an láàárín àwọn ọdún 1990.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló wá yí gbogbo ẹ̀ padà. Lọ́dún 2012, John Foley àtàwọn tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀ gbé ilé-iṣẹ́ Peloton kalẹ̀ ní New York. Ohun tí wọ́n rò ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó tún ní ọmọ kékeré nílé, kò ráyè lọ sí kíláàsì. Bí onítọ̀hún kò bá lè lọ bá kíláàsì, wọ́n á gbé kíláàsì wá bá a nílé. Wọ́n gbé ojú tẹlifíṣàn kan sí iwájú kẹ̀kẹ́, olùkọ́ á wà ní New York tàbí London, ẹni tó ń wà á á wà nínú yàrá ẹ̀, orúkọ ẹ̀ á sì máa jáde láàárín tàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn á máa rí ẹni tó ń ṣáájú àti ẹni tó ń wọ́lẹ̀.

Lọ́dún 2012 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Wahoo gbé KICKR jáde. Èyí kì í ṣe odidi kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ní nílé tẹ́lẹ̀ ni yóò yọ táyà ẹ̀yìn ẹ̀, yóò wá gbé e lé orí irin náà, yóò sì fi ṣéènì kọ́ ọ. Irin rìbìtì tó wúwo ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà ń darí. Bí ọ̀nà tó wà lójú kọ̀ǹpútà bá di òkè, mágínẹ́ẹ̀tì á fún un pinpin, ẹsẹ̀ á sì wúwo. Bó bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á tú u sílẹ̀. Ó tún ń ka agbára tó ń jáde lẹ́sẹ̀ ẹni, bí wọ́n ṣe ń fi wáàtì ka agbára gílóòbù iná. Lọ́dún 2014 ni Zwift wá dé, eré orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé àwòrán ẹni ni yóò máa gun kẹ̀kẹ́ ní erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Watopia, pẹ̀lú àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè káàkiri. Erékùṣù náà ò sí níbì kankan láyé, ṣùgbọ́n òógùn tí wọ́n ń là níbẹ̀, òótọ́ ni.

TUNDE, ỌMỌ WA TÓ DI ÌRÀWỌ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan lèyí, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n mọ̀ jù ní Peloton ni Tunde Oyeneyin. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, kò sẹ́ni tó máa sọ ilé ẹ̀ fún yín. Obìnrin ni o, Texas ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà sì làwọn òbí ẹ̀.

Kì í ṣe eléré ìdárayá tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kíkun ojú fún àwọn obìnrin ló ń ṣe. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sanra gan-an, ara ẹ̀ kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ikú tún wá bá a jà: àbúrò ẹ̀ ọkùnrin lọ, bàbá ẹ̀ lọ, ìyá ẹ̀ náà tún lọ, gbogbo ẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti rí ohun tó gbé e ró. Ó wọ Peloton lọ́dún 2019. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, Tunde ló jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tó ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ lórí ohun tójú àwọn aláwọ̀ dúdú ń rí, tí wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ń sunkún. Ó kọ ìwé kan jáde lọ́dún 2022, Speak ló pè é.

Ẹ wá rò ó. Ṣé irin yẹn làwọn èèyàn náà ń sanwó fún? Rárá o. Ẹni tó ń pe orúkọ wọn, tó ń sọ pé kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀, ni wọ́n ń sanwó fún. Àwọn tó mọ̀ nípa òwò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

INÚ YÀRÁ LÓ TI DI Ọ̀GÁ

Àwọn kan tún wà tí wọ́n fi tiwọn ṣe iṣẹ́ gidi. Ẹ wo Jay Vine, ọmọ Ọsirélíà. Lọ́dún 2020, ó borí nínú ìdíje Zwift Academy, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tó lágbára lórí kẹ̀kẹ́ inú ilé. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún un kì í ṣe ife ẹ̀yẹ lásán, iṣẹ́ ni. Ẹgbẹ́ Alpecin-Fenix gbà á, nígbà tó sì di ọdún 2022, ó gba ipele méjì nínú eré kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní Vuelta ní Sípéènì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àjọ UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ lórí kẹ̀kẹ́ inú ilé. Ashleigh Moolman-Pasio, ọmọ South Africa, ló gba ti obìnrin.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó àti òkìkí bá wà, èrú kì í jìnnà síbẹ̀. Lọ́dún 2019, Cameron Jeffers gba ipò kìíní ní ìdíje orí kọ̀ǹpútà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi rìnrìn àjò tó fi gba kẹ̀kẹ́ àrà ọ̀tọ̀ tó lò nínú eré náà, kọ̀ǹpútà ló jẹ́ kó bá òun wà á! Nígbà tí àṣírí tú, ọkùnrin náà jẹ́wọ́. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó san 250 pọ́n-ùn, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé foṣù mẹ́fà.

OWÓ RỌ̀ BÍ ÒJÒ, Ọ̀DÁ TÚN DÉ

Òkìkí Peloton kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa lọ́jà ṣíà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n ta ṣíà wọn fáráyé ní 29 dọ́là ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n gbé ìpolówó ọjà kan jáde: ọkọ ra kẹ̀kẹ́ fún ìyàwó ẹ̀ fún Kérésì, obìnrin náà tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń fi odidi ọdún kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ. Làwọn obìnrin bá figbe ta, wọ́n ní ṣé ọkọ ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé ó sanra ni? Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ ló yọ kúrò lára iye tí ilé-iṣẹ́ náà tó.

Kòrónà ló wá kó wọn yọ. Ilé ìdárayá tì, kálukú há sílé, kẹ̀kẹ́ wá di góòlù. Nígbà tí Joe Biden fẹ́ wọ White House ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ń bi ara wọn bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ á jẹ́ kó gbé Peloton ẹ̀ wọlé, torí pé ó ní kámẹ́rà lára. Lóṣù yẹn kan náà, ṣíà wọn ju 160 dọ́là lọ. Ni wọ́n bá rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Wọ́n ra ilé-iṣẹ́ Precor ní 420 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n tún kéde pé àwọn máa fi 400 mílíọ̀nù kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Ohio.

Àwọn èèyàn sì padà síta. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Foley fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn bíi 2,800, ilé-iṣẹ́ Ohio yẹn kò sì wáyé mọ́. Nígbà tí ọdún 2022 fi máa parí, ṣíà tó ju 160 dọ́là lọ tẹ́lẹ̀ kò pé 10 dọ́là mọ́.

Èyí tó burú jù kì í ṣe ti owó. Yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́, Peloton tún ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan, Tread+. Ọmọdé kan kú nídìí ẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n pè é padà lọ́jà. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n tún sọ pé kí àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ dáwọ́ dúró, kí wọ́n gba irin tuntun tó ń gbé ìjókòó dúró, torí èyí tó wà lára wọn lè ṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rọ tó ń yí kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé o.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ẹ̀

Lọ́dún 2020, Peloton ta kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ní 1,895 dọ́là, owó oṣooṣù sì jẹ́ 39 dọ́là. (Wọ́n sọ ọ́ di 44 dọ́là lọ́dún 2022, lọ́dún 2025 ó wọ 50 dọ́là.) Ẹ fi ti 2020 ṣírò ọdún mẹ́ta: 3,299 dọ́là ni. Ẹni tó bá ń gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, dọ́là méje ni ẹ̀ẹ̀kan ń ná an, kò sì burú lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ń ná an ní nǹkan bí 92 dọ́là! Kẹ̀kẹ́ kan náà, iye kan náà, ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ tàbí ọ̀wọ́n.

Ti Wahoo àti Zwift náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n tiwọn ti ń wálẹ̀. KICKR CORE tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 jẹ́ 900 dọ́là. Lọ́dún 2022, Zwift gbé tiẹ̀ jáde ní 499 dọ́là, ni Wahoo bá gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó jí ọgbọ́n òun lò. Lọ́dún 2023 ni wọ́n parí ìjà, wọ́n tún jọ ń tajà pa pọ̀. Nígbà tí erin méjì bá ń jà níbi òwò, ẹni tó ń rajà ló máa ń jẹ èrè ẹ̀.

Ẹni tó wà ní London, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kejìlá, tí yìnyín wà lójú títì, tí ọmọ ń sùn ní yàrá kejì, kẹ̀kẹ́ yìí lè wúlò fún un gan-an. Àmọ́ kó rántí aládùúgbò ìsàlẹ̀ tó máa gbọ́ ariwo ẹ̀, kó sì ra fáànù. Ẹni tó ń sáré lójú kan kì í rí atẹ́gùn, ooru ara ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lé e sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀.

ÀWA TÁ A WÀ NÍLÉ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọwọ́ ara wọn ni 1,895 dọ́là àti mílíọ̀nù méjì náírà ó lé wà báyìí. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, ẹni tó ń gbà á kò ní jẹun fún ọdún méjì ó lé kó tó lè rà á. Iná tún ńkọ́? Ojú tẹlifíṣàn ẹ̀ kò lè tàn láìsí iná. Dátà ńkọ́? Kíláàsì kan lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fídíò ni látòkèdélẹ̀. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lára ẹ̀, ta ló máa tún un ṣe? Oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò mọ pọ́ńtà dí, kò mọ kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń rà á kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó jí láago mẹ́rin, tó jókòó sínú gosiló wákàtí méjì, tó jókòó sí ọ́fíìsì títí ìrọ̀lẹ́, tó tún jókòó sínú gosiló padà, ìgbà wo ni ara ẹ̀ ṣiṣẹ́? Àjọ ìlera àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe ohun tó ń mú èémí yára lọ́sẹ̀. Wọn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ra Peloton. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ ti pé e. Kẹ̀kẹ́ ojú kan pẹ̀tẹ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà lára, pẹ̀lú fóònù tó ń kọrin, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe fún ọkàn. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan.

Ohun tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí fi gba owó lọ́wọ́ aráyé, àwa ní in lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni ẹni tó mọ orúkọ wa, tó máa bi wá pé kí ló dé tá ò yọjú láàárọ̀. Ẹ pe èèyàn mẹ́ta ládùúgbò, kẹ́ ẹ jọ máa rìn láago márùn-ún àbọ̀ ìdájí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí ẹ kò bá tíì pa á jẹ, tí owó sì wà nílẹ̀, ẹ lè wá lọ ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò lè rin ìrìn ọ̀fẹ́, kẹ̀kẹ́ mílíọ̀nù kò ní gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.