Kí Ló Dé Tí Kámẹ́rà Ṣọ́ọ̀bù Yín Kì Í Ṣí Lórí Fóònù Tẹ́ ẹ Bá Délé?

Ẹ so kámẹ́rà mẹ́rin mọ́ ṣọ́ọ̀bù yín ní Ládípọ̀. Ẹ ra ráútà tó ń lo síìmù, ẹ fi dátà sí i. Nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, gbogbo àwòrán ń hàn gedegbe lórí fóònù yín. Ẹ délé ní Sùúrùlérè, ẹ tẹ àdírẹ́sì kan náà, ó kọ̀, kò ṣí. Ẹ pe ẹni tó bá yín so ó, ó ní "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kì í ṣe pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ò bá mọ ètò yìí lè náwó lásán, ó tún lè ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè níbi tó ti ń ṣọ́ olè.

Àdírẹ́sì ò kárí

Àpótí tó ń gba fídíò sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní DVR, kọ̀ǹpútà kékeré ni. Bíi gbogbo ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì. Irú àdírẹ́sì tó wọ́pọ̀ jù, IPv4, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ti lé ní bílíọ̀nù 8. Oṣù Kejì ọdún 2011 ni àjọ IANA pín ìdìpọ̀ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn àjọ márùn-ún tó ń bójú tó ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Tiwa ní Áfíríkà ni AFRINIC, tó fìdí kalẹ̀ sí Mauritius.

Torí náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pe ètò yìí.

Ẹ wo ilé face-me-I-face-you kan ní Mushin: yàrá 20, géètì kan, nọ́ńbà kan, mégádì kan. Bí ẹni tó wà ní yàrá keje bá ránṣẹ́ síta pé kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, mégádì á fi sọ́kàn. Bí olóúnjẹ bá dé, á ní, "Yàrá keje ni, wọlé." Àmọ́ bí àlejò kan bá ṣàdédé kanlẹ̀kùn, tí kò sẹ́ni tó sọ pé òun ń retí rẹ̀, mégádì ò mọ yàrá tó yẹ kó júwe fún un. Á dá a padà ni.

DVR yín wà nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá yẹn. Fóònù yín ní Sùúrùlérè ni àlejò. Àdírẹ́sì tí ẹ sì ń tẹ̀, bíi 192.168.1.108, dà bí ìgbà téèyàn bá sọ pé "yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún." Ẹni tó wà nínú ilé á mọ ibẹ̀. Ẹni tó wà níta ńkọ́? Ilé wo ni kò ní yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún?

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ ṣí ojú ìwé ètò ráútà yín, kí ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n kọ síwájú "WAN IP". Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù tó wà lórí ráútà yẹn béèrè "what is my IP" lọ́wọ́ Google. Bí méjèèjì ò bá bára mu, tí ti ráútà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ̀yìn CGNAT lẹ wà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín ṣe "port forwarding" lórí ráútà yẹn, ẹ má dá a lóhùn. Géètì ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni mégádì tó dí ọ̀nà wà, kì í ṣe tiyín.

Alárinà

Bí àlejò ò bá lè wọlé, ẹni tó wà nínú ilé lè jáde. Ohun tí nọ́ńbà tàbí àwòrán QR tó wà lára àpótí náà wà fún nìyẹn. Ní kété tí DVR bá tanná, òun fúnra rẹ̀ á pe sáfà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, á ní, "Èmi rèé o." Tẹ́ ẹ bá ṣí áàpù lórí fóònù, fóònù náà á pe sáfà kan náà. Sáfà yìí ni alárinà. Á sọ ibi tí ọ̀kan wà fún èkejì, àwọn méjèèjì á ránṣẹ́ síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mégádì ìhà méjèèjì á rò pé èsì iṣẹ́ tí ẹni inú ilé rán ló ń bọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó wọlé. Bójú bá ti mojú, alárinà á yẹra.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń lè yẹra ṣá. Àwọn mégádì kan le gan-an, pàápàá lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì síìmù. Nígbà náà, gbogbo fídíò gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ alárinà kọjá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fà. Bí sáfà náà bá sì wà lókè òkun, àwòrán láti Mushin sí Sùúrùlérè á kọ́kọ́ la òkun lọ kó tó padà. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, títí kan Nàìjíríà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà tí alárinà rẹ̀ wà lókè òkun lè má ṣí lórí fóònù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni kámẹ́rà àti fóònù wà. Àmọ́ DVR ò dẹ́kun iṣẹ́ o. Orí dísìkì inú rẹ̀ ló ń kọ fídíò sí.

Ìdí nìyẹn tí gbígbà fídíò sílẹ̀ kì í fi í jẹ dátà. Wíwò ló ń jẹ ẹ́. Mo ṣírò rẹ̀: kámẹ́rà kan tó ń rán mẹ́gábíìtì 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ 900MB ní wákàtí kan, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà á jẹ 3.6GB. Tẹ́ ẹ bá yí i sí àwòrán kékeré, èyí tí áàpù ń pè ní "sub stream", bíi kílóbíìtì 512, kámẹ́rà kan á jẹ nǹkan bíi 230MB. Kékeré yẹn ni kí ẹ máa fi wò, kí ẹ jẹ́ kí DVR fi ńlá pamọ́.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀

Àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́ alárinà. Wọ́n á lọ gba àdírẹ́sì tara wọn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fáíbà, wọ́n á sì ṣí ilẹ̀kùn DVR sí gbogbo ayé. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ayé náà ló lè wá kanlẹ̀kùn.

Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai ń wá kámẹ́rà, DVR àti ráútà kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Páswọ́ọ̀dù tó ń dán wò kò ju bíi 60 lọ, irú èyí tó bá ẹrọ wá láti ilé-iṣẹ́, bíi "admin". Ó tó o láti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ẹrọ. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, kó irú àwọn kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ jọ, ó fi kọlu Lonestar, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Làìbéríà, torí wọ́n sanwó fún un. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìkọlù náà le débi tó fi ba íntánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè náà jẹ́. Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni ilé-ẹjọ́ ní London rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 32. Àwọn tó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn lè má mọ̀ rárá pé ẹrọ wọn ń bá ẹlòmíì jagun.

Nítorí náà, CGNAT tó ń bí yín nínú yẹn, ó tún ń dáàbò bò yín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alárinà máa ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá so kámẹ́rà gan-an, lójú ẹni tó so ó, kí ẹ má sì sọ tuntun fún un. Ẹ máa gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ bá gbé jáde: ní oṣù Kẹsàn-án 2021, Hikvision gbé ọ̀kan jáde láti dí ihò kan tí olè lè gbà wọlé láìmọ páswọ́ọ̀dù kankan. Ẹ má pín àwòrán QR yẹn sórí WhatsApp. Bí NEPA bá sì ń dà yín láàmú, ẹ so ráútà àti DVR méjèèjì mọ́ ínfátà. Ẹni tó bá so ọ̀kan nìkan ò tíì so nǹkan: bí ráútà bá kú, ẹ ò ní rí ṣọ́ọ̀bù láti ilé, bí DVR bá kú, kò ní sí ohun tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀.