Aṣẹ̀dá Kóòdù

Aṣẹ̀dá kóòdù jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí ó máa ń kọ kóòdù fún ètò mìíràn, pàápàá ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń fi dátà pamọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe: fífi àkọsílẹ̀ kún un, wíwò ó, títún un ṣe àti pípa á rẹ́. Nítorí pé àwọn iṣẹ́ yìí jọra níbi gbogbo, ẹ̀rọ lè kọ kóòdù wọn.

Bí àpẹẹrẹ, kí a ní oníṣòwò aṣọ kan ní Plaine Orety, àdúgbò kan ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, fẹ́ tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà àti gbèsè wọn. Nínú Ruby on Rails, tí David Heinemeier Hansson gbé jáde ní 2004, àṣẹ kan tí ó dárúkọ àyè méjèèjì tó. Rails yóò kọ kóòdù tábìlì, fọ́ọ̀mù àti ojú-ewé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó fọwọ́ kan gbèsè. Láyé àtijọ́, bí akọ̀wé kóòdù kò bá ṣọ́ra, ènìyàn lè fi àyè tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí Rails sì gbà á. Irú àlàfo yìí ni ẹnìkan gbà wọ GitHub ní oṣù Kẹta 2012. Láti Rails 4, ní 2013, a gbọ́dọ̀ dárúkọ àyè tí a gbà láàyè. Síbẹ̀, kóòdù tí aṣẹ̀dá kọ ṣì ń gba gbogbo àyè tí a pa láṣẹ, gbèsè pẹ̀lú, kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọwọ́ akọ̀wé kóòdù ni àtúnṣe wà.