Bí Ìbọn Tòkunbọ̀ Ṣe Kó Ìbàdàn Sí Wàhálà Ọta

Ìbọn tó kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, tòkunbọ̀ ni. Snider ni wọ́n ń pè é. Ní 1866, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì kó ògbólógbòó Enfield wọn jọ, ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu kì. Wọ́n gé ìdí rẹ̀, wọ́n fi ìdérí sí i, ó wá di èyí tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki ọta bọ̀. Ní 1871, Martini-Henry dé, Snider sì di ohun tí wọn kò fẹ́ mọ́. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò etíkun wa, bí ọkọ̀ àlòkù ṣe ń wọlé lónìí: ẹni tó tà á ti ra tuntun.

Kí ó tó dé, ṣakabùlà ni Ìbàdàn fi ń jagun, láti ayé Olúyọ̀lé tó ni Ọjà'ba títí kan ti Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá. Ẹni tó fẹ́ yìn ín á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á ju ọta sí i, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, kó tó wá da ẹ̀tù díẹ̀ síbi tí akọ òkúta ti ń ta iná. Bí òjò bá ká a mọ́ ẹnu rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣòro tọ́jú. Bí ọta òjé bá tán, alágbẹ̀dẹ á rọ irin wẹ́wẹ́. Ẹ̀tù ló ń ti etíkun wá.

Ẹ̀tù yìí wà lára ohun tó sọ Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà di ẹni ńlá. Ó ń kó ẹ̀tù àti ọta fún àwọn olóyè ogun láwìn. Wọ́n á jà, wọ́n á kó ẹrú bọ̀, gbèsè á sì wà nílẹ̀. Nígbà tó ní òun kò tà láwìn mọ́, ojú Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, korò sí i. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni òpìtàn Samuel Johnson kọ sílẹ̀ pé wọ́n fi kàn án: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i níbẹ̀, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́bàá odi nígbà tó dé. Ẹ wo ìkejì yẹn dáadáa. Ní 1874 ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, ọdún náà kò sì parí tí wọ́n fi pa á. Ẹni tó jẹ́ pé inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá nìkan ló ti mọ̀ ọ́n á ní ìwà ìkà ló pa á. Lójú tèmi, gbèsè ẹ̀tù wà níbẹ̀.

Ní 1877, Látòósà gbé ogun ti Ẹ̀gbá, ni wọ́n bá ti ọ̀nà etíkun mọ́ ọn. Ìjẹ̀bú náà ti tiwọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ láti bá Ìbàdàn jà, wọ́n di Èkìtìparapọ̀. Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkìrun lóṣù kọkànlá, nínú ogun Jálumi, àmọ́ nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Kírìjì, láàárín òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó, tí púpọ̀ nínú wọn gba Sàró tàbí Bràsíìlì padà sílé, ń fi Snider ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó, ọ̀nà tí Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, ṣí ní 1872. Ẹni tó bá jáfáfá lè yin ṣakabùlà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta níṣẹ́jú kan. Snider á dún tó ìgbà 10, láti ibi tí ọta ṣakabùlà kò lè dé. Ògèdèngbé tó ṣáájú ogun Èkìtìparapọ̀, Ìbàdàn náà ló ti kọ́ ogun jíjà.

Nígbà tó yá, Ìbàdàn rí Snider rà. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele. Kátíríìjì nìkan ni Snider ń lò: ọta òjé, ẹ̀tù àti ohun tó ń ta iná, gbogbo rẹ̀ nínú agolo idẹ bíńtín tí Edward Boxer ṣètò rẹ̀ fún un. Kò sí alágbẹ̀dẹ Bẹẹrẹ tó lè fi ẹwìrì rọ ìyẹn. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kátíríìjì ń gbà wá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, iye tó bá sì wu ẹni tó fẹ́ tà ló lè pè. Inú ibùdó ogun ni Látòósà kú sí ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Láàárín ìgbà náà, ní 1890, àwọn òyìnbó fẹnu kò ní Brussels pé ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù ọjà ni wọ́n yọ̀ǹda. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Wọn kò sọ pé kí ọmọ ogun tiwọn padà sí ṣakabùlà o! Ìbọn Maxim ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892. Lọ́dún kejì, Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn, Bower sì di aláṣẹ òyìnbó níbẹ̀. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ìrántí rẹ̀ ní 1936, orí Òkè Ààrẹ ló wà.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 náà kò yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Ṣakabùlà wà lára èyí tí ọdẹ lè gba ìwé àṣẹ fún. Ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí wọ́n fòfin dè, ì báà jẹ́ àlòkù tó ti dípẹtà. Ẹni tó bá sì jókòó sílé tó ń ṣe ọta fún un, òfin kan náà ló ń dúró dè é.