Owó àti Ẹ̀rọ Nínú Ẹrù Arìnrìn-àjò: Ohun tí Òfin Aṣọ́bodè Wí

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba amúnisìn ti la pápá ọkọ̀ òfúrufú sí Ìdó-Ọ̀ṣun, kò sí ọkọ̀ tí ń gbéra láti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ẹni tí ó bá ń ti Ìdó-Ọ̀ṣun, Òṣogbo tàbí Iléṣà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀nà méjì ni ó sábà ń gbà. Èkínní ni pápá ọkọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Èkejì ni ọ̀nà ilẹ̀ tí ó gba Àgbádárìgì lọ sí Sèmè, èyí tí àwọn ará Ejìgbò ti rìn títí tí ó fi dà bí ọ̀nà oko lójú wọn, nítorí pé Abidjan ti di ilé kejì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Ní ọ̀nà méjèèjì ni àwọn aṣọ́bodè wà, àwọn tí ará ìlú ń pè ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọn a máa béèrè iye owó tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn, wọn a sì máa béèrè ẹni tí ó ni àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nínú àpò. Ìbẹ̀rù ìbéèrè yìí ni ó ń mú kí àwọn kan rán owó mọ́ ìgbànú, kí àwọn mìíràn sì rì í sí abẹ́ gàrí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kó owó jọ ṣe ń sọ owó náà di owó ẹ̀ṣẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ibodè kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí àwọn òyìnbó tó dé ni àwọn oníbodè ti ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìlú, tí wọ́n ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ru ọjà wọlé tàbí jáde. Ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, ta ni yóò fi owó pamọ́? Ọ̀kẹ́ kan péré jẹ́ ẹgbàáwàá owó ẹyọ, èyíinì ni 20,000, ó sì tó ẹrù ènìyàn kan. Ojú gbogbo ayé ni owó ti ń kọjá. Ìgbà tí owó bébà dé ni ọrọ̀ ilé kan tó lè wọ inú fìlà.

Láti 1912 ni àjọ kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù ti ń ṣe owó kan ṣoṣo fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ṣílè tí oníṣòwò bá gbà ní Iléṣà ni yóò ná ní Kumasi, kò sì sí pé ó ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gánà ṣe owó tirẹ̀ ní 1958, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 1959. Láti ìgbà náà ni owó ìlú kan ti di àlejò ní ìlú kejì. Ní 1962 ni a ṣe òfin tí ó fi owó ilẹ̀ òkèèrè sí abẹ́ àṣẹ ìjọba ní Nàìjíríà, tí kò sì sí ẹni tí ó lè gbé e jáde láìgba ìyọ̀ǹda.

Ọdún tí ó le jù ni 1984, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gba ìjọba. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, wọ́n ti gbogbo ibodè, wọ́n sì pa àwọ̀ owó náírà dà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Náírà àtijọ́ tí kò rí ọ̀nà wọlé padà di bébà lásán. Ní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n mú Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, bí òun àti àwọn olórin rẹ̀ ti fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fẹ́ gbé 1,600 pọ́ọ̀nù jáde lọ́nà tí kò bá òfin mu. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, kò sì jáde títí di oṣù Kẹrin 1986. Bí ẹnì kan bá mú 1,600 pọ́ọ̀nù jáde lónìí, òfin kò tilẹ̀ sọ pé kí ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kankan. Òfin àtijọ́ náà ti kú. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni kò kú, òun ni ó sì ń ti àwọn ènìyàn sínú ìpamọ́ títí di òní.

Òfin pàṣípààrọ̀ owó tí a ṣe ní 1995 ni ó fagi lé ti 1962 àti ti 1984. Òfin yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé owó ilẹ̀ òkèèrè wọlé tàbí jáde. Ohun tí ó wí ni pé ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá ju 5,000 dọ́là ti Amẹ́ríkà lọ, tàbí iye tí ó bá a dọ́gba, kí ó kéde rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, kí ìjọba lè rí i fi ṣe ìṣirò. Ẹ̀wẹ̀, òfin tí ó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí mọ́, èyí tí a tún ṣe ní 2022, pàṣẹ pé ohun tí ó bá ju 10,000 dọ́là lọ gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún àwọn aṣọ́bodè, àwọn náà yóò sì fi tó Báńkì Àpapọ̀ àti àjọ EFCC létí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tàbí tí ó purọ́ nípa iye rẹ̀, lè pàdánù owó tí kò kéde, ó sì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́ta, tàbí kí méjèèjì bá a. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú iye méjèèjì yìí máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ti ju 5,000 lọ, kí ó kéde, nítorí pé ìkéde kì í ṣe owó orí, kò sì sí kọ́bọ̀ tí a ń yọ nínú owó tí a bá kéde.

Ìṣirò náà kò yọ owó kankan sílẹ̀. Ẹni tí ó mú 8,000 dọ́là àti 3,000 pọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ti kọjá 10,000 dọ́là, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò méjì ni ó pín wọn sí. A óò ka owó CFA mọ́ ọn, a óò sì ka ìwé sọ̀wédowó tí ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́ lè fi gba owó mọ́ ọn pẹ̀lú. Nínú ọkọ̀ akérò, àwọn oníṣòwò a máa kó owó wọn fún ẹnì kan tí wọ́n kà sí àgbà ọkọ̀. Níwájú aṣọ́bodè, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin mọ̀. Ó sàn kí olúkúlùkù mú tirẹ̀, kí ó sì mú ìwé tí ó fi gba owó náà ní báńkì dání. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí a bá tẹ òǹtẹ̀ lé kò gbọ́dọ̀ sọnù, nítorí pé òun ni ẹlẹ́rìí ẹni tí ó bá gbé owó wọlé tí ó tún fẹ́ gbé ìyókù rẹ̀ jáde.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ó ń béèrè. FATF, tí í ṣe àjọ àwọn ìjọba tí ó ń gbógun ti owó ìdọ̀tí, ti là á sílẹ̀ pé iye tí orílẹ̀-èdè kan bá fi ṣe ààlà kò gbọdọ̀ ju 15,000 dọ́là tàbí 15,000 yúrò lọ. Ní Amẹ́ríkà, 10,000 dọ́là ni ààlà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 10,000 pọ́ọ̀nù. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọṣepọ̀ Yúróòpù, 10,000 yúrò. Bí ọkọ, aya àti ọmọ bá jọ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpapọ̀ owó wọn ni wọn yóò kà. Pípín owó sí ọwọ́ àwọn ọmọ kò yọ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ọlọ́pàá tàbí aṣọ́bodè bá fura pé owó wá láti inú ìwà ọ̀daràn, wọ́n lè dá a dúró bí ó bá ti tó 1,000 pọ́ọ̀nù. Nítorí náà, ìwé tí ó fi orísun owó hàn ṣe pàtàkì fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ tó èyí tí a ń kéde.

Àwọn tí ń gba ọ̀nà ilẹ̀ ní wàhálà tiwọn. Láti Sèmè dé Abidjan, ibodè mẹ́rin ni ó wà: Sèmè fúnra rẹ̀, Hillacondji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, Aflao láàárín Tógò àti Gánà, àti Elubo láàárín Gánà àti Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ pé àdéhùn ECOWAS ti 1979 ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ohun tí àdéhùn náà fún ọmọ ìlú ni ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ láìgba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tí ó pé. Ènìyàn ni ó dá sílẹ̀. Kò dá ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Bí wọ́n bá sì ní kí arìnrìn-àjò san owó ibodè, rìsíìtì tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ni kí ó béèrè, kí ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè rẹ̀, kí ó sì dúró gbà á.

Ti ẹ̀rọ kò ṣòro bí ti owó. Fóònù tí ènìyàn ń lò, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àti kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ ẹrù ara rẹ̀. Kì í san owó ibodè lórí wọn. Ṣùgbọ́n fóònù mẹ́fà tí ó jọra, tí wọ́n ṣì wà nínú páálí, ọjà ni lójú aṣọ́bodè, bí ẹni tí ó ni wọ́n tilẹ̀ ń búra pé ẹ̀bùn àbúrò ni wọ́n. Ọ̀nà tí ó dára ni pé kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó tú àpò; ẹrù tí a bá pamọ́ ni òfin ń pè ní fàyàwọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì tuntun nígbà tí ó ń jáde nílé, kí ó mú rìsíìtì rẹ̀ dání, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìrìn àjò náà ni ó ti rà á. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ́nù mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọjà tí wọ́n bá rà bọ̀ láti òkèèrè kò gbọdọ̀ ju 390 pọ́ọ̀nù lọ láìsan owó orí. Bí ohun kan ṣoṣo bá sì ju iye yìí lọ, gbogbo iye rẹ̀ ni wọn yóò ṣírò, kì í ṣe àjẹkù rẹ̀ nìkan.

Ohun tí ó kù ni bátìrì, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè bí kò ṣe ti àwọn tí ń ṣọ́ ọkọ̀ òfúrufú. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó bá bàjẹ́ lè gbiná fúnra rẹ̀. Bí ó bá gbiná níbi tí àwọn èrò jókòó sí, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yóò rí i, wọn yóò sì pa á. Bí ó bá jẹ́ nínú yàrá ẹrù ní abẹ́ ọkọ̀, ta ni yóò rí i? Ìdí nìyí tí páwà báǹkì àti bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ọwọ́, tí wọn kò gbọdọ̀ sí nínú àpótí tí a ń gbà sí abẹ́ ọkọ̀. Àwọn tí agbára wọn kò ju 100 watt-hour lọ kò nílò àṣẹ. Láti 100 dé 160, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Ohun tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní wọ ọkọ̀. Nítorí pé mAh ni wọ́n sábà ń kọ sára páwà báǹkì, kí ẹni tí ó ni ín sọ iye náà di púpọ̀ ní ìlọ́po 3.7, kí ó sì fi 1,000 pín in. 20,000 mAh yóò jẹ́ 74, èyí tí kò ní wàhálà. 30,000 yóò jẹ́ 111, èyí tí ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́, kí a fi í sílẹ̀ nílé, nítorí pé àwọn tí ń yẹ ẹrù wò kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu.