Ìrókò, Apá àti Arère: Pákó Líle nínú Ilé àwọn Ará Àkókó

Kì í ṣe gbogbo igi ni í wọlé. Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Wọ́n mọ igi tí a fi í dáná, wọ́n mọ èyí tí a fi í gbẹ́ odó, wọ́n mọ èyí tí ó yẹ ìlù, wọ́n sì mọ èyí tí ó tó gbé sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ìmọ̀ yìí ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé lónìí ní Ìpè-Àkókó, tàbí ní Ìkàrẹ́, tàbí ní Ọ̀kà, a wọ ìsọ̀ pákó, a ní kí wọ́n fún òun ní pákó tí ó dára. Kò ní bèèrè orúkọ igi, kò ní bèèrè ìgbà tí wọ́n là á, kò sì ní yí pákó náà padà wò. Bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀kùn a sán, ẹsẹ̀ tábìlì a yẹ̀, onílé a sì ní káfíńtà ni ó ṣe òun. Nígbà mìíràn káfíńtà jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, inú ìsọ̀ pákó ni ọ̀ràn ti bàjẹ́ kí káfíńtà tó mú ayùn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí a tẹ̀dó sí. Ilẹ̀ Àkókó wà níbi tí igbó dúdú àti ọ̀dàn ti pàdé, tí àpáta ńláńlá sì yọrí sókè láàárín ìlú àti oko. Nítorí èyí, oríṣi igi méjèèjì ni a ní. Ìrókò àti arère jẹ́ igi igbó. Apá a máa dàgbà ní etí igbó, a sì tún máa dàgbà nínú ọ̀dàn. Ohun ọrọ̀ ni èyí jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í kà á mọ́ ọrọ̀ bí a ti ń ka kòkó.

Ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n ti ń polówó àga àti pákó ilẹ̀ ilé tí a fi igi tí àwọn òyìnbó ń pè ní acacia ṣe. Igi yìí kò ṣe àjèjì pátápátá. Ọ̀kan nínú ìran rẹ̀ ni àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa, tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi èso rẹ̀ ń ṣe awọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń là ní pákó fún àga wá láti inú oríṣi méjì tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn wà ní Australia àti New Guinea, tí wọ́n sì ń gbìn lọ súà ní Vietnam àti Indonesia. Wọ́n ti gbin ọ̀kan nínú méjèèjì sí gúúsù orílẹ̀-èdè Benin pẹ̀lú, àmọ́ igi ìdáná ni wọ́n fi í ṣe jù níbẹ̀. Igi tí í tètè dàgbà ni, pákó rẹ̀ le, ó sì ní àwọ̀ tí ó wu ojú. Èmi kò bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé mọ̀ ni pé ìdílé kan náà ni òun àti apá wa ti wá, ìdílé àwọn igi tí í so pódi bí ẹ̀wà. Ẹni tí ó bá ti rí èso apá rí, pódi dúdú líle tí kóró dúdú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà pupa-rúsúrúsú lórí, yóò rí ìbátan náà kíá.

Bí a bá sì ń sọ ti orúkọ, ó yẹ kí inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè dùn sí èyí: ní gbogbo ọjà igi lágbàáyé, láti London dé Amẹ́ríkà, iroko ni wọ́n ń pe ìrókò. Orúkọ Yorùbá ni àwọn oníṣòwò mú lọ tí wọn kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni idigbo àti opepe. Ó wá ṣeni láàánú pé ọmọ Yorùbá tí ó lọ ra ilẹ̀kùn kò lè fi ìrókò hàn yàtọ̀ sí arère tí wọ́n fi ọ̀dà kùn.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Ọwọ́ ni a fi í kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Bí a bá kó pákó gbígbẹ jọ tí ó gba àyè mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gíga, ti ìrókò a máa wọn nǹkan bí 650 kìlógíráàmù, ti apá a máa tó 800, ti arère kì í sì í ju nǹkan bí 390 lọ. Nítorí náà, bí a bá gbé pákó tí wọ́n pè ní ìrókò tí ó fúyẹ́ bí ìgbá, kí á gbé e kalẹ̀ kí á máa bá tiwa lọ. Lẹ́yìn náà ni kí á fi ìfági ha ibì kan nínú rẹ̀. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin ògòǹgò, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kàn án, yóò máa ṣú lọ títí yóò fi di àwọ̀ ilẹ̀. Arère funfun ni, ó sì máa ń ṣú fìrífìrí bí aró nígbà tí ó bá tutù pẹ́, nítorí èbù tí í mú un. Arère kì í ṣe igi burúkú o. Ó dára fún àjà ilé àti fún inú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lé. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé wọ́n ń tà á ní owó ìrókò.

Apá ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn àgbà bẹ̀rù igi yìí, wọ́n ní orí rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́yẹ ti ń ṣe ìpàdé, àwọn ọlọ́fọ̀ sì ń fi orúkọ rẹ̀ dárà, nítorí pé apá ènìyàn kì í ká apá. Àmọ́ bí a bá ti là á tán, kò sí igi tí ó sàn jù ú lọ fún ilẹ̀ ilé ní agbègbè wa. Kì í sábà fún, kì í sábà wú, ikán kì í fẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ ènìyàn kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Àbùkù kan ni ó ní: ohun kan wà nínú ihò ara rẹ̀ tí í ta sí aṣọ funfun bí omi bá kàn án. Ẹ má ṣe fi apá ṣe pẹpẹ tí ẹ ó máa sá aṣọ sí. Ọ̀gànwó náà wà, igi pupa tí àwọn èèyàn fi èèpo kíkorò rẹ̀ ṣe àgbo. Òun ni ó dùn ún fági jù fún àga àti ibùsùn.

Wàyí o, ohun kan wà tí a kì í sọ nígbà tí a bá ń yin iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa. Gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ kì í so pákó pọ̀. Odidi igi kan ni ó ń mú, tí yóò sì gbẹ́ ohun tí ó ń gbẹ́ láti inú rẹ̀: àpótí ìjókòó, òpó ààfin, ọpọ́n, ilẹ̀kùn. Igi tútù ni ó sì fẹ́ràn, nítorí pé igi tútù rọ̀ lábẹ́ irin. Káfíńtà ni í so pákó mọ́ pákó, ìmọ̀ rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ wa láti ọwọ́ àwọn Sàró, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil bọ̀ sí Èkó, àti àwọn míṣọ́nnárì. Ní ìgbà náà ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí òkè rẹ̀ jẹ́ onípákó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Owó kòkó ni ó gbé e wọ ọ̀pọ̀ ìlú ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Kí ó tó dé, erùpẹ̀ tí a gbá, tí a lù, tí a sì fi bo ojú rẹ̀ kúnná ni ilẹ̀ ilé wa. Nínú èdè wa, a ti da gbẹ́nàgbẹ́nà àti káfíńtà pọ̀ mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n òfin igi wọn yàtọ̀ gedegbe. Igi tútù tí ó wúlò fún ẹni àkọ́kọ́ ni ó ń ba ẹnì kejì jẹ́. Ó dá mi lójú pé ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ pákó gbígbẹ kò fi wọ inú òwe àti àṣà wa tó bí ó ti yẹ: a gba iṣẹ́ náà, a kò gba sùúrù tí ó bá a wá.

Igi tútù lè gbé omi tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ìlàjì ìwọ̀n igi gbígbẹ, tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi yìí bá ń jáde, pákó a máa fún ní ìbú, kì í fún ní gígùn tí a lè fojú rí. Fífún náà kò sì dọ́gba: pákó tí ayùn gbà ní ẹ̀gbẹ́ igi a máa fún tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí ayùn gbà kọjá ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí pákó fi ń lọ́ bí ewé gbígbẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe orí tábìlì tàbí ilẹ̀ ilé, kí ó wo ẹnu pákó, níbi tí ayùn ti gé e. Bí òrùka igi bá dúró ṣánṣán láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pákó náà yóò jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ bí ọ̀sán ọrun, kí onítọ̀hún má ṣe lò ó ní fífẹ̀. Bákan náà, kí á ṣọ́ra fún ara funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo. Kòkòrò ajẹgi kì í sábà fọwọ́ kan inú ìrókò, ṣùgbọ́n yóò jẹ ara funfun rẹ̀ di ìyẹ̀fun.

Ní ti gbígbẹ, àwọn oníṣẹ́ igi káàkiri ayé a máa ka ọdún kan sí nínípọn ínǹṣì kan. Lábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kí á tò wọ́n sí, kí á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú láàárín pákó àti pákó, kí á má ṣe sá wọn sínú oòrùn gangan. Ta ni yóò dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó? Mo mọ̀ pé onílé ń kánjú, owó káfíńtà sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí olùkọ́ pàápàá lè fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: kí a gé ègé kan lára pákó náà, kí a máa gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n náà bá ṣì ń dínkù, pákó kò tíì gbẹ. Ní Àkókó, ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ pákó sílé nínú ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, nítorí pé òjò yóò dé, pákó yóò sì wú. Kò sì gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ lé sìmẹ́ńtì tútù lórí, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà gba ìsàlẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ìtàn kan wà nípa àga tí mo fẹ́ràn láti máa rán àwọn èèyàn létí. Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ọba lórí ìtẹ́ ní apá kan, òyìnbó tí wọ́n fi ibùsùn gbé ní apá kejì. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ilé ìṣúra ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Museum, rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ọba kan tí wọ́n kàn nílẹ̀ wọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Olúkúlùkù lè dá ẹjọ́ náà bí ó ti wù ú. Èmi rí i pé láti ìgbà náà ni a ti ń ka àga tí ó ti òkè òkun bọ̀ kún iyì ju ilẹ̀kùn tí ọmọ ilé gbẹ́ lọ.

Ṣé igi náà tilẹ̀ ṣì kù? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Láti 1976 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó gẹdú lọ sí òkè òkun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES gbà pé kí wọ́n máa ṣọ́ òwò apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà láàárín orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n òfin tí a ṣe ní Panama kò mọ ọ̀nà oko Ìpè. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rù. Ẹni tí yóò gé ìrókò yóò kọ́kọ́ ṣe ètùtù, nítorí olúwéré tí ń gbé inú rẹ̀, ìtàn Olúrónbí sì ti kọ́ ọmọdé pé a kì í fi ìrókò ṣeré. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù yẹn ni ó ṣọ́ igbó nígbà tí kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan. Síbẹ̀, kí á má ṣe sọ àsọdùn: kò sí ẹ̀mí tí wọ́n ní ó ń gbé inú arère, ẹ̀rù kò sì ṣọ́ ọ.

Gbígbìn ìrókò pàápàá ṣòro. Kòkòrò kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phytolyma, tí í yé sí ara ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀, tí ewé náà yóò sì wú bí oówo títí orí ọ̀gbìn náà yóò fi rà. Bí a bá gbin ìrókò nìkan sójú kan, kòkòrò yìí a run ún. Bí a bá gbìn ín sáàárín àwọn igi mìíràn lábẹ́ ìbòòji, ó máa ń sàn díẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn aláṣẹ igbó fi gbin tíìkì àti gmelina lọ súà, tí oko ìrókò kò sì tó nǹkan. Ẹni tí ó bá gé ọ̀kan lónìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò rí àrọ́pò rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ gbìn ín.

Ibì kan ṣì wà tí pákó ìrókò gbígbẹ ti ń ṣòfò lójú wa. Bí wọ́n bá ń wó pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, wọn a máa da pákó òkè rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, àwọn obìnrin a sì máa ṣẹ́ ẹ wọ ààrò. Igi tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ ni èyí, kì í sábà lọ́ mọ́, kì í sábà fún mọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣe àga tún un rà lọ́wọ́ àwọn tí ń wólé, kí ó fi òòfà wá gbogbo ìṣó tí ó wà nínú rẹ̀ kí káfíńtà tó gbé ìfági lé e, kí ó sì fi aṣọ bo imú, nítorí pé eruku ìrókò a máa bá ọ̀nà ọ̀fun jà.