Kí Ẹ Tó Jó Irin Ọ̀kadà Yín Pọ̀

Ẹ ò rí òkè Ẹ̀fọ̀n àti ọ̀nà oko Ìjerò àti Àrámọkọ? Bí a bá ń di àpò kòkó àti iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà gba ibẹ̀, kò ní pẹ́ tí irin tó gbé káríà dúró yóò fi kán. Wẹ́dà lè jó o pọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà mójú tó nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ tú táńkì epo, kí ẹ gbé e jìnnà réré. Ẹ má sọ pé kò sáà sí epo nínú rẹ̀. Gáàsì epo tó kù nínú táńkì òfìfo lè bú gbàù.

2. Ẹ yọ bátìrì. Okùn ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì (−) ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.

3. Kí wẹ́dà ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò. Kí ó de wáyà áàtì mọ́ férémù nítòsí ibi tó kán, kí iná má baà gba inú ẹ́ńjìnnì.

4. Ẹ bu yanrìn sítòsí. Ẹ má wo iná náà lójú. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn.

5. Ẹ jẹ́ kí ojú ibẹ̀ tutù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá da omi sí i, ó lè tún sán.

Bó bá jẹ́ ọrùn férémù, níbi tí hándù ti wọlé, ló sán, ẹ má gùn ún mọ́. Ẹ gbé e lọ fún ògbólógbòó mẹkáníìkì.

Bí irin bá kán, a ó ra òmíràn. Ojú àti ẹ̀mí ńkọ́?