Ta ló gbé ife náà bọ́ sí ọwọ́ òsì?

Nínú Monk, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ apanilẹ́rìn-ín tí USA Network l'Amẹ́ríkà ṣe láti 2002 sí 2009, Adrian Monk, tí Tony Shalhoub ṣe, kì í gbójú fo nǹkan kan. Bí àwòrán ara ògiri bá wọ́ díẹ̀, àfi kó tún un ṣe; irú ibẹ̀ náà ló sì ti ń rí apànìyàn mú. Ìwà yìí ran àwọn òǹwòran. Àwọn náà ń ṣọ́ ife, aago àti bọ́tìnnì, bóyá wọ́n á ṣàdédé yí padà.

Ẹni tí ẹjọ́ wọn ń bá ni script supervisor. Ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ló máa ń jókòó sí, ìwé eré lórí itan. Wọn kì í ya eré bí a ṣe ń wò ó: ọkùnrin tó kan ilẹ̀kùn níta lónìí lè má wọlé títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, inú ilé tí wọ́n kọ́ sí studio ni yóò sì wọ̀. Bọ́tìnnì mélòó ló ṣí? Omi inú gíláàsì dé ibo? Script supervisor á ya fọ́tò rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀: ní ìgbà kẹta tí wọ́n ya á, ọwọ́ òsì ló fi gbé ife.

Síbẹ̀, àṣìṣe á yọ. Ẹni tó ń gé eré tó ń tò ó pọ̀ ló ń yan èyí tí a óò rí. Bó bá jẹ́ ìgbà kẹta yẹn ni àwàdà dùn jù, òun ni yóò mú, kí ife wà lọ́wọ́ tó bá wù ú. Kò jẹ̀bi lójú tèmi. Ẹ̀rín ni wọ́n ń tà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Nínú eré ìfẹ́, aago tó ṣàdédé yí padà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti ń wá apànìyàn, ẹ̀rí ni. Òǹwòran á dì í mú títí eré á fi parí, tí kò bá wá sẹ́ni tó dárúkọ aago, á ní wọ́n tan òun jẹ.

Àwọn ìbéèrè òǹwòran kan kò tiẹ̀ kan àṣìṣe. Kí ló dé tí San Francisco inú eré kò jọ San Francisco? Vancouver ni wọ́n ti ya ìpín àkọ́kọ́, wọ́n lọ sí Toronto, kí wọ́n tó fi agbègbè Los Angeles ṣe ibùdó. Kí ló dé tí ojú Trudy, ìyàwó Monk tó ti kú, yí padà? Stellina Rusich ló kọ́kọ́ ṣe é, Melora Hardin gbà á.

Èyí tó bí àwọn òǹwòran nínú ni orin ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2003, wọ́n yọ orin Jeff Beal, wọ́n fi ti Randy Newman rọ́pò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ tán ni ti Beal tún gba ẹ̀bùn Emmy! Ti Newman gba tirẹ̀ ní 2004. Àwọn tó ń kọ eré náà gbọ́ ariwo. Nínú ìpín kan ní 2004, Sarah Silverman ṣe obìnrin kan tí eré tẹlifíṣọ̀n ti gbà lọ́kàn, tó mú Monk jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bó bá ní eré tirẹ̀ láé, kò ní yí orin rẹ̀ padà. Nígbà tí ìpín náà ń parí lọ, orin Beal ni wọ́n fi sí i.